Dín Òróró

                                        Ojúlé Kọkànlá, Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn Ilé Ìfọṣọ.
                                        Ọjọ́ Kẹfà, Oṣù Kọkànlá.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Arẹ́rìn-ín-má-dákẹ́,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ara ńkọ́? Orúnkún rẹ tí kì í fẹ́ gun àtẹ̀gùn ńkọ́? Ọmọ rẹ ńkọ́, ìyàwó rẹ̀ ńkọ́, ọmọ-ọmọ wa ńkọ́? Mo gbọ́ pé ó ti ń rìn, pé kò sí ohun tó wà lórí tábìlì tí kò ní fà wálẹ̀. Kí Ọlọ́run dá a sí fún wa. Ṣùgbọ́n má bínú sí mi o, ìwọ lo sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà yìí pé tí ọmọ bá ti mọ ìjókòó, wàá padà. Ó ti jókòó, ó ti rákò, ó ti dìde. Èmi ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

Ara mi le, má fòyà. Iṣẹ́ ń lọ. Àwọn ènìyàn ṣì ń sanra, sòkòtò wọn ṣì ń ya, èmi náà sì ń bá wọn rán an. Ilé ni kò rí bó ṣe yẹ. Láti ìgbà tí o ti lọ, ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa dákẹ́ débi pé tí mo bá já òwú, mo máa ń gbọ́ ọ. Mo ti ń bá ẹ̀rọ ìránṣọ mi sọ̀rọ̀ báyìí, ó kàn jẹ́ pé kì í dá mi lóhùn ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, onílé gòkè wá. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn yàrá rẹ, ó ń yẹ àgádágodo rẹ wò bí ẹni tó fẹ́ rà á. Ó ní onígbàjámọ̀ kan ń wá yàrá, pé tí oṣù yìí bá parí láìgbọ́ ohùn rẹ, òun á kó ẹrù rẹ sísàlẹ̀, òun á sì gba onítọ̀hún síbẹ̀. Mo ní màá bi ọ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sún ìbéèrè ọ̀hún síwájú, torí mò ń bẹ̀rù ìdáhùn rẹ.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ wa, mo ní kí n ṣe ọ̀dùnkún inú ààrò bí a ti máa ń ṣe é, bóyá ara á tù mí. O rántí pé èmi ni mo máa ń gé e, ìwọ lo máa ń ṣe ìyókù. Gbogbo bí a ṣe pẹ́ tó lẹ́nu rẹ̀, mi ò kọ́ apá tìrẹ rí. Ààrò oníná mànàmáná tí o ní kí n bá ọ tọ́jú, orí rẹ̀ ni mò ń to òwú sí. O gbé ààrò fún mi, o sì fi àárò lé e lórí. Mo kó òwú kúrò, mo gé ọ̀dùnkún gbọọrọ gbọọrọ, ó dọ́gba bí ẹni fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ìgbà tí mo wo inú abọ́, oúnjẹ ẹni méjì ni. Ọwọ́ mi kò tíì gbọ́ pé o ti lọ.

Mo pè ọ́, o ò gbé e. Nígbà tó yá lo fi ohùn ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Inú mi dùn débi pé ohùn lásán ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́, mi ò fetí sí ohun tí o ń sọ. O ní kí n rẹ ọ̀dùnkún sínú omi tútù kí omi funfun ara rẹ̀ lè jáde, kí n fi aṣọ nù ún títí yóò fi gbẹ táútáú, kí ààrò ti gbóná dáadáa kó tó wọlé, kí n sì tẹ́ ẹ sínú páànù kí ìkan má fara kan ìkejì, torí tí wọ́n bá fún mọ́ra, ńṣe ni wọ́n á máa làágùn. Mo rẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo ohun tí mo mọ̀ láyé yìí, ọ̀dùnkún nìkan ni dídáwà ń ṣe lóore. O wá ní, “Èyí tó ṣe pàtàkì jù, Abẹ́rẹ́, dín òróró…” Ọmọ figbe ta, ohùn rẹ sì já.

Wọ́n ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Tèmi dé inú mi, ó di èéfín. Dín òróró ni mo gbọ́, mo bá gbé páànù kaná, mo da òróró sí i, mo ń dín in. Mo dúró tì í títí ó fi ń rú, mo wá dà á lé ọ̀dùnkún lórí, mo tì í wọ ààrò. Kò pẹ́ tí gbogbo yàrá fi ṣú. Awakọ̀ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ló sáré gòkè wá pẹ̀lú garawa omi.

“Ìyá, kí lẹ̀ ń sun?”

“Ọ̀dùnkún ni.”

“Ọ̀dùnkún wo ló ń rú èéfín bí ọkọ̀ mi?”

Mo ní kó gbọ́ ohun tí o sọ fúnra rẹ̀. Ó gbọ́ ọ tán, ó gbé garawa sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní, “Ìyá, ‘kù’ ló jábọ́ níbẹ̀! Wọ́n ní kí ẹ dín in kù ni, ẹ wá ń dín in bí àkàrà.”

Mo bá a rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀rín ti dún nínú yàrá yìí. Mo ní kó jókòó kó dúró de àwo kejì, ó ní èrò ń retí òun níbùdókọ̀. Òun lọ, ọ̀rọ̀ tó sọ kò bá a lọ. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ, ‘kù’ nìkan ló jábọ́, tèmi gan-an sì ni. Ìwọ lọ, èmi kù.

Mo ṣe òmíràn. Òróró ṣíbí kan péré ni mo fi pa á lára, mo wọ́n iyọ̀ sí i, mo tẹ́ ẹ káàkiri, nígbà tí apá kan pọ́n, mo yí i padà. Etí rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ rọ̀. Ó dára ju tìrẹ lọ, bínú tí o bá fẹ́. Mo jókòó jẹ ẹ́. Ó ń ró kàrà kàrà lẹ́nu mi, kò sì sí ìró mìíràn nínú ilé. Mo jẹ ìpín tèmi tán, mo ń wo tìrẹ títí ó fi tutù. Mo sunkún díẹ̀, mi ò ní fi pamọ́ fún ọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, onílé dé. Ó ní wọ́n ti ròyìn èéfín fún òun. Ó wo ògiri, ó wo òkè àjà, ó wá yíjú sí mi. “Ọ̀rẹ́ yín ńkọ́? Ṣé wọ́n ń bọ̀ ni, àbí wọn ò bọ̀ mọ́?”

Kí n tó ronú, ẹnu mi ti sáré: “Ó ń bọ̀.” Ó mi orí, ó sọ̀ kalẹ̀.

Mo mọ̀ pé mi ò bi ọ́ kí n tó sọ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ òótọ́, jọ̀wọ́, wá kí oṣù tó parí. Tó bá jẹ́ pé ọmọ náà ti gba ọkàn rẹ, mi ò ní bínú. Inú mi á bàjẹ́, ṣùgbọ́n mi ò ní bínú. Ohun tí mò ń bẹ̀ ọ́ ni pé kí o parí gbólóhùn rẹ. Má fi ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi mọ́. O ti rí ohun tí mo ń fi í ṣe.

Bá mi kí ọmọ rẹ àti ìyàwó rẹ̀. Bá mi gbá ọmọ-ọmọ wa mọ́ra, òun tó já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu rẹ. Awakọ̀ ní kí n kí ọ, kí n sì sọ fún ọ pé omi ṣì wà nínú garawa.

                                        Èmi ni tìrẹ, ọ̀rẹ́ rẹ tó kù
                                        (wo àmì orí rẹ̀ dáadáa o, mi ò tíì kú),
                                        Abẹ́rẹ́.