Bọ́tà àti Ìrẹsì Lórí Òṣùwọ̀n Kan

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Mo kí yín pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tó yẹ kí àbúrò fi kí ẹ̀gbọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ọ̀wọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu mi. Mo lérò pé ara yín le níbi tí ẹ ti ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti pé wọ́n ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn. Ìyá wa wà, wọ́n ṣì ń lọ síbi ìfọṣọ kí àkùkọ tó lajú. Èmi náà ń mí. Ká ṣì máa dúpẹ́ lórí ìyẹn ná.

Ẹ bèèrè nínú lẹ́tà yín pé kí ló dé tí Bàbá wa ò fi yege ìdánwò ilé ìkẹ́rùsí. Mo mọ̀ pé wọ́n ti sọ fún yín pé ọjọ́ orí ni. Ọjọ́ orí kọ́. Èmi ni. Ẹ wá ibi jókòó sí kí ẹ tó kà á lọ.

Ẹ rántí bí wọ́n ṣe gbé Bàbá wa wálé láti ilé ìwòsàn lẹ́yìn tí àpótí wó lé wọn lẹ́sẹ̀. Oṣù mẹ́ta lórí ibùsùn ti jẹ ẹran itan wọn tán. Ẹsẹ̀ tó ti ń gbé àpò fún ọdún mọ́kàndínlógún wá rí bí igi ìgbálẹ̀. Afẹ́fẹ́ ilẹ̀kùn lásán lè gbé wọn ṣubú. Ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí wá fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Tí wọ́n bá lè gbé àpò kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n láti ẹnu ọkọ̀ dé ìdí òṣùwọ̀n, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀, láìsọ ọ́ kalẹ̀, iṣẹ́ aláàárù wọn ń dúró dè wọ́n. Tí wọn ò bá lè gbé e, ó dìgbóṣe.

Obìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹsẹ̀ wọn ní ilé ìwòsàn kọ oúnjẹ wọn sínú ìwé, ó fà á lé mi lọ́wọ́ torí pé èmi ló ń dáná. Ó ní ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà ni yóò tún iṣan mọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ afúnnilágbára bí ìrẹsì, búrẹ́dì àti ọ̀dùnkún ló gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú àwo, nítorí òun ni iṣan ń jó nígbà eré ìdárayá bí ọkọ̀ ṣe ń jó epo. Ó ní ara nílò ọ̀rá náà, ṣùgbọ́n ṣíbí kan tàbí méjì ti tó. Mo ń mi orí bí alángbá. Mo ní, “Ẹ má ṣèyọnu, Ọ̀gá, ọwọ́ mi ni ìkòkò wà.” Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn.”

Ẹ mọ̀ pé ìdí òṣùwọ̀n ni Bàbá wa ti tọ́ wa dàgbà. Ọ̀rọ̀ wọn ni pé, “Kílò kan ò ju kílò kan lọ, ìbáà ṣe irin, ìbáà ṣe òwú.” Èmi wá rí ṣíbí ọ̀rá méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì ìrẹsì, mo ní ìrẹ́jẹ nìyí. Mo fa òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìṣó jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọgọ́rùn-ún gíráàmù ìrẹsì, ọgọ́rùn-ún gíráàmù bọ́tà àti ẹ̀pà lílọ̀. Mo dín ìrẹsì kù kí àwo lè gba èkejì rẹ̀. Oúnjẹ náà ń dán débi pé ẹ lè wo inú rẹ̀ fá irùngbọ̀n. Bàbá wa jẹ ẹ́. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, eléyìí ò tiẹ̀ dúró kéèyàn jẹ ẹ́, fúnra rẹ̀ ló ń yọ̀ wọlé.” Tí wọ́n bá wá dìde láti ṣe eré ìdárayá, oúnjẹ á ṣì jókòó sí wọn láyà bí àlejò tí kò fẹ́ lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ikùn ti yọ, itan ò yọ.

Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n mi ò padà sídìí ìwé. Ọ̀dọ̀ Apá-Irin ni mo lọ, ọmọkùnrin tó ń gbé irin lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń lẹ táyà, tí apá rẹ̀ kan tó ọmọ ọdún méjì. Ó ní, “Ta ló ṣì ń jẹ ìrẹsì láyé yìí? Òun ló ń gbé ikùn jáde. Yọ gbogbo ẹ̀ dànù.” Mo yọ gbogbo ẹ̀ dànù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó kù, Bàbá wa ò fojú kan hóró ìrẹsì. Ẹyin, ẹja, òróró, ẹyin. Tẹ́lẹ̀, wọ́n ń dìde lórí àga nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìsinmi. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni, òógùn á bò wọ́n. Obìnrin náà bi mí pé, “Kí lò ń fún wọn jẹ?” Mo ní, “Ohun tó wà nínú ìwé ni.” Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi, láìṣẹ́jú.

Mo tẹ̀ lé wọn lọ lọ́jọ́ ìdánwò. Wọ́n gbé àpò lé wọn léjìká, mo ń ka ìṣísẹ̀ nínú ọkàn mi. Ní ìkọkànlá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ní ìkẹrìndínlógún, wọ́n dúró. Wọn ò ju àpò náà sílẹ̀. Wọ́n rọra kúnlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ bí ẹni tẹ́ ọmọ tó ti sùn. Ọ̀gá yíjú sí ògiri. Àwọn aláàárù ẹgbẹ́ wọn ń wo bàtà ara wọn. Bàbá wa ní, “Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti darúgbó ni.” Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni wọ́n.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ jẹ́wọ́ fún obìnrin náà. Ì bá gbá mi létí, ara ì bá tù mí. Ó kàn ní, “Gíráàmù ọ̀rá kan, agbára inú ẹ̀ ju ìlọ́po méjì ti ìrẹsì lọ. Òṣùwọ̀n ò lè sọ ìyẹn fún ẹ. Nígbà tó o sì yọ ìrẹsì, o yọ agbára tí wọn ì bá fi ṣe eré ìdárayá.” Láti ọjọ́ náà, ohun tí ìwé wí ni mò ń sè.

Ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Láàárọ̀ àná, Bàbá wa gbé kẹ́ẹ̀gì omi láti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ọwọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n pè mí, wọ́n ní kí n fọwọ́ kan itan wọn. Ó le, ẹ̀gbọ́n mi. Ó le bí èyí tí a mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíì ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn láti oṣù tó kọjá. Wọ́n gbá mi lẹ́yìn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo tọ́jú wọn.

Kí Ọlọ́run má fi irú ọwọ́ mi ṣe olùrànlọ́wọ́ yín. Kí iṣẹ́ tí ẹ ń kọ́ yìí yọrí sí ayọ̀, kí aláìsàn tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́ dìde rìn.

Èmi ni àbúrò yín kan ṣoṣo, tí ẹ sọ ní Ìjàngbọ̀n, tí ẹ ò sì parọ́.

Àfikún: Tí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ọ̀tọ̀, torí èmi ni wọ́n ń ní kí n ka lẹ́tà yín sókè fún gbogbo ilé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti jókòó ti Bàbá wa nídìí oúnjẹ láti jẹ́wọ́ fún wọn. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, wọ́n á rò pé ebi ló ń pa mí, wọ́n á bu ẹja wọn sí àwo mi.