Bàbá, Wọn Ò Ṣí Géètì Pápá fún Màmá

Ọdún keje rèé, Colmán Ó Dubhagáin, bàbá wa, tí ẹ ti filẹ̀ ṣaṣọ bora. Ọdún keje! Omijé ò tíì gbẹ lójú wa.

Gobnait, ọmọbìnrin yín, ti bímọ méjì lẹ́yìn yín. Ọkùnrin inú wọn ń jẹ́ orúkọ yín, ọ̀pá tẹ́ ẹ fi ń gbá bọ́ọ̀lù nígbà ayé yín náà ló sì fi ń gbá a kiri àgbàlá. Ó ti fọ́ gíláàsì ilé ìdáná. Àwọn màlúù yín ṣì wà, a ṣì ń fún wàrà wọn láàárọ̀.

Àmọ́ pápá bọ́ọ̀lù wa, Bàbá! Pápá tí bàbá yín àtàwọn ọkùnrin ìjọ wa fi ṣọ́bìrì gbẹ́ nínú irà, tí wọ́n fi kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ru erùpẹ̀ jọ títí ó fi di òkè téèrò ń dúró sí wòran! Ibẹ̀ ni gbogbo ẹkùn wa ti ń gbá àṣekágbá. Ibẹ̀ lẹ ti ń tọ́jú koríko títí ẹ̀yìn yín fi tẹ̀. Ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù wa ti tà á. Wọ́n ní ògiri rẹ̀ ti sán, àwọn á kọ́ tuntun sẹ́bàá títì márosẹ̀. Fiachra, àkọ́bí yín, wà lára àwọn tó nawọ́ sókè pé kí wọ́n tà á. Ó ní, "Ká ní Bàbá wà, á yé e."

Lọ́jọ́ tí a sin yín, ọkọ̀ òkú yà sí pápá, bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ẹni tó bá gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ àtìyàwó rẹ̀. Wọ́n ṣí géètì gbayawu, wọ́n gbé yín yí pápá ká. Ohun kan ṣoṣo tí Màmá ń tọrọ fún ara rẹ̀ nìyẹn.

Màmá náà papò dà ní oṣù Kejì tó kọjá, a sì gbé òkú rẹ̀ lọ sí pápá nínú òjò. A dé ẹnu géètì, a bá ṣéènì níbẹ̀. Àwọn tó rà á ò fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀. Mártan, ọ̀rẹ́ yín, fariwo ta: "Fiachra, ìwọ lo tà á, ìwọ náà wá ṣí i! Àbí o ò rí ìyá rẹ nínú ọkọ̀ ni?" Fiachra di ṣéènì yẹn mú, ó ń mì í, ó ń mì í, ó ń ké bí ọmọdé. Mártan fúnra rẹ̀ ló wá dì í mú. A gbé Màmá lọ síbojì láìwọ pápá.

Ẹ dárí ji Fiachra, Bàbá. Láti ọjọ́ náà, kò gba ọ̀nà yẹn mọ́.

Àárò yín ń sọ wá! A fẹ́ràn yín, a ò ní yé fẹ́ràn yín. A dá Màmá dúró síta níhìn-ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ wà lọ́hùn-ún, ẹ ṣílẹ̀kùn fún un.

Àwa ọmọ yín: Fiachra, Gobnait àti Dairíne, tó kọ ọ́ lórúkọ gbogbo wa.