Ère Tí Kò Mọ Ìtìjú

Bàbá mi, olùkọ́ mi àkọ́kọ́,

Ère ara ni ère ike kan tí ó ga tó ènìyàn, tí wọ́n ṣí awọ apá kan rẹ̀ sílẹ̀ kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí inú. Ọkàn rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣeé yọ, ìfun rẹ̀ ṣeé kó jáde, a sì lè dá gbogbo wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan sí ibi tí Ọlọ́run fi wọ́n sí. Iṣẹ́ mi nìyẹn ní yunifásítì aládàáni kan ní Sharjah níbí, nítòsí Dubai: mo ń fi ère náà kọ́ àwọn tí yóò di dókítà. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ bi mí nípa iṣẹ́ yìí lórí fóònù, mo sì fi ọgbọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa lónìí, nítorí ó kan ohun tó pa yín, ó sì kan Bọ̀dá, ọmọkùnrin yín àgbà.

Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá ló ń já mi láyà. Mo pè wọ́n lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá. A ń sọ̀rọ̀ nípa páànù ilé yín tí ìjì ṣí, àfi bí wọ́n ṣe gbé fóònù fún ìyàwó wọn láìparí gbólóhùn, tí wọ́n bọ́ síta. Wọ́n padà dé, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n tún gbé fóònù fún un. Mo bi ìyàwó wọn bóyá àlejò ló dé. Ó ní rárá, ó ní ọyẹ́ ni, pé láti bí oṣù mélòó kan ni ọyẹ́ ti ń lé Bọ̀dá lọ sẹ́yìnkùlé lemọ́lemọ́. Ọyẹ́ wo ló ń fẹ́ nínú oṣù kẹfà, Bàbá?

Bẹ́ẹ̀ gan-an lẹ̀yin náà máa ń ṣe. Ọ̀rọ̀ á ṣì gbóná, ẹ ó ti na fóònù sí Màmá. Mo rò pé ẹ fẹ́ kí Màmá náà gbọ́ ohùn mi ni. Odindi ọdún méjì ni mo fi rò bẹ́ẹ̀. Ibo lẹ máa ń lọ? Ṣé ẹ máa ń pẹ́ níbẹ̀? Ṣé ó máa ń dùn yín, tàbí ẹ kàn máa ń dúró, tí ẹ ń wo ògiri?

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń fi bírò pupa tún lẹ́tà mi ṣe, tí ẹ ó sì fi í ránṣẹ́ padà sí mi nínú àpòòwé tuntun? Lára yín ni mo ti kọ́ ìfarabalẹ̀. Mo lè di ojú kí n to gbogbo ẹ̀yà ère wa padà láìṣi ọ̀kan gbé. Ẹ̀yà tó pa yín, mo ń fọwọ́ kàn án lójoojúmọ́. Pírósítéètì ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin nìkan ló ní i. Ó jókòó sábẹ́ àpò ìtọ̀, ó sì yí ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà jáde ká, bí ìgbà tí ènìyàn fi ìka àti àtàǹpàkò di ọrùn ìgò mú. Lára ọ̀dọ́, kò ju ẹyọ awùsá kan lọ. Bí ọkùnrin bá ń dàgbà, ó lè wú, kó máa fún ọ̀nà náà pa. Wíwú lásán ṣeé tọ́jú. Ṣùgbọ́n nígbà míì jẹjẹrẹ ló wà nínú rẹ̀, jẹjẹrẹ kì í sì í kanlẹ̀kùn. Bó bá ti ṣe bàbá rí, ewu rẹ̀ pọ̀ sí i fún àwọn ọmọkùnrin rẹ̀.

Èmi tí mo ń sọ èyí fún kíláàsì kan lẹ́yìn èkejì, mi ò lè bi yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ni ìtọ̀ ṣe ń ṣe yín. Mo mọ̀ ọ́n lédè Gẹ̀ẹ́sì, mo mọ̀ ọ́n lédè Látìn, ṣùgbọ́n ọmọ wo ló ń bi bàbá rẹ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ ní àárẹ̀ àgbà ni, mo sì gbà. Fítámì ni mo ń fi ránṣẹ́, àti dàbínù. Nígbà tí ẹ fi máa gbà láti lọ sí ọsibítù, ó ti dé eegun ẹ̀yìn yín. Mi ò sì lè wá sin yín, nítorí wọ́n ń tún visa mi ṣe lọ́wọ́, ìwé ìrìnnà mi sì wà ní ọ́fíìsì. Ṣé ẹ retí mi?

Mi ò sí ní Satwa, àdúgbò tí mo ń gbé ní Dubai, mọ́. Lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé Dubai dojú dé, tí àwọn ilé gogoro dúró láìparí, mo kó wá sí Abu Shagara, ní Sharjah níbí. Àwa mẹ́ta la jọ ń gbé yàrá kan lókè ibi tí wọ́n ti ń ta mọ́tò. Àgbà wa ni Ẹ̀gbọ́n Múfú, ọmọ Ọ̀yọ́, tí wọ́n ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé gogoro kan ní Jumeirah Lake Towers. Ẹnìkẹta ni Táíwò, tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà ní búkà àwọn ará Íńdíà kan, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Nítorí bí Ẹ̀gbọ́n ṣe ń pẹ́ ní bálùwẹ̀, Táíwò sọ wọ́n ní Láńlọ́ọ̀dù. Á fi táwẹ̀lì kọ́ èjìká, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á máa bẹ Láńlọ́ọ̀dù pé kí wọ́n jọ̀ọ́ má lé òun, òun á palẹ̀ mọ́ tó bá di ìparí oṣù. Ẹ̀gbọ́n á dáhùn láti inú pé ayálégbé tó bá ń pariwo ni àwọn kọ́kọ́ ń fún ní ìwé ìlékúrò. A ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mò ń gbọ́ ohun tí Táíwò kò fetí sí: ìtọ̀ tó ń dà, tó ń dúró, tó tún ń dà díẹ̀.

Mo ṣàkíyèsí pé Ẹ̀gbọ́n ti fi omi mímu sílẹ̀, nínú ooru yìí. Iléeṣẹ́ wọn ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ẹni tó bá ń kúrò lẹ́nu ọ̀nà ní gbogbo wákàtí ni wọn ò ní tún kọ̀ǹtíráàtì rẹ̀ ṣe. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu, tí mò ń gbé e mì.

Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan, Rọ́kíbà ọmọ Ìlọrin, ló yá mi ní ìwé àwòrán apanilẹ́rìn-ín kan, irú èyí tí àwọn ará Japan ń yà, tí wọ́n ń pè ní mángà. Ó ní kí n wá wo ìbejì ère wa. Nínú ìwé náà, ẹ̀mí kan wọ ère ara ní ilé ẹ̀kọ́, ère náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri. Bó bá ti sáré, ẹ̀yà ara rẹ̀ á máa já bọ́. Á yí padà, á ṣà wọ́n, á nù wọ́n, á wá bẹ ẹni tó bá wà nítòsí pé kó bá òun wo inú òun bóyá ó ku ẹ̀yà kan. Ikùn rẹ̀ ṣí gbayawu, ojú kò sì tì í. Mo gbé ìwé náà sórí bẹ́ẹ̀dì mi, mo gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́sàn-án Jímọ̀, Ẹ̀gbọ́n ti kírun dé, Táíwò wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mú ìwé náà, wọ́n ń wo àwòrán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí awò ojú wọn fi yọ. Wọ́n wá na ojú ìwé kan sí mi, wọ́n bi mí pé kí ni nǹkan kékeré tí ère náà ń wá kiri lábẹ́ tábìlì.

Kíndìnrín ni, Bàbá. Ẹni tó bá ti rí kíndìnrín rí, kò lè ṣì í mọ̀. Èmi tí mo máa ń yọ máàkì lára akẹ́kọ̀ọ́ nítorí irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀, mo ní pírósítéètì ni. Mo sì ṣàlàyé: awùsá, ọrùn ìgò, ìtọ̀ tí kì í tán. Ère náà ni mo ń tọ́ka sí ní gbogbo ìgbà, mi ò gbójú sókè rárá.

Ẹ̀gbọ́n ṣí ìwé náà síwájú, wọ́n ṣí i sẹ́yìn.

"Àbúrò, tí ère yìí bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, kí ló máa sọ?"

"Á ní òun ń tọ̀ lemọ́lemọ́, kì í sì í tán. Á ní kí wọ́n yẹ òun wò."

"Wọn ò ní pe ọ́fíìsì ère?"

Mo ní dókítà kì í ro ẹjọ́ aláìsàn fún ọ̀gá rẹ̀.

"Ta ló máa bá a lọ? Ère ò gbọ́ Lárúbáwá."

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n."

Wọ́n pa ìwé náà dé, wọ́n gbé e lé mi lọ́wọ́. "Ojú ń ti ère yẹn o," wọ́n ní. "Ẹni tó yà á ni kò mọ̀."

A lọ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀la ni èsì ń bọ̀, mi ò sì mọ ohun tí yóò sọ. Ẹ̀gbọ́n ti ń mu omi padà. Èmi ni mi ò lè jẹun. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tú ère wa palẹ̀ lónìí tí mo tún un tò, kò sí kíláàsì kankan.

Ṣùgbọ́n Bọ̀dá ńkọ́? Wọ́n ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta. Mo ti tún pè wọ́n lẹ́ẹ̀mejì láti ọjọ́ Sátidé, páànù náà la tún sọ. Kò sí ère kankan láàárín èmi àti àwọn. Bí ẹ ṣe kú tí wọ́n di bàbá fún mi, ẹnu mi tún wúwo bó ṣe wúwo sí yín.

Bọ̀dá ló ń ka àwọn lẹ́tà mi sí yín létí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibojì, torí mi ò lè wá. Wọ́n ń ka èyí náà lọ́wọ́ báyìí, wọ́n sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin ni mo fi ṣe ère, Bàbá mi. Ẹ má bínú. Ṣé ẹ̀yin náà ì bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín?

Ẹ sùn ire. Mo fẹ́ràn yín ju bí mo ṣe lè sọ ọ́ lójú yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tí kò bi yín léèrè.

Bọ̀dá mi, ẹ má ka ìyókù fún Bàbá, ẹ̀yin ni mo kọ ọ́ sí. Èmi ti ṣe àyẹ̀wò tèmi. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ jí lọ sí ọsibítù ìjọba. Ẹ sọ fún wọn pé jẹjẹrẹ pírósítéètì ló pa bàbá yín, pé ẹ ń tọ̀ lemọ́lemọ́, àti pé ẹ fẹ́ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní PSA. Ẹ kọ lẹ́tà mẹ́ta yẹn sí àtẹ́lẹwọ́ yín kí ẹ tó jáde nílé. Bí dókítà bá ní òun fẹ́ fi ìka yẹ̀ yín wò nídìí pẹ̀lú, ẹ gbà fún un.