Bàálù Tí Màmá Rẹ Wọ̀ Láṣọ

Yàrá iṣẹ́, ẹ̀yìn ilé,
Ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Adúmáradán mi, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

O kú iṣẹ́, o kú ìrọ́jú. Ṣé ara le? Ṣé ò ń rí oorun sùn dáadáa lẹ́yìn iṣẹ́ àṣekúdórógbó tí ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ń ṣe? Àdúrà mi ni pé kí ìwé yìí bá ọ nínú ayọ̀ àti ìlera pípé. Ní tèmi, a dúpẹ́. Orúnkún ń ké bí ilẹ̀kùn tí kò rí epo, ojú ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì mú bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Ànti rẹ sọ fún mi pé wọ́n ti fi ọ́ ṣe ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù. Inú mi dùn títí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu ẹlòmíì ni mo ti gbọ́.

Àpótí pákó kan bá ìwé yìí wá. Jọ̀ọ́, má tíì ṣí i. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi. Bí o bá kà á tán tí o ní o ò fẹ́ rí ojú mi mọ́ láyé, n kò ní bá ọ jiyàn. O sì mọ̀ bí mo ṣe fẹ́ràn àríyànjiyàn tó.

O kéré nígbà tí gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí náà jẹ́ kí n tún un sọ. Títún rédíò ṣe niṣẹ́ mi, kò sì sí ohun tí mo fẹ́ràn bíi kí n dúró nílẹ̀, kí n máa fi rìmóòtù darí bàálù kékeré lókè. Ṣùgbọ́n eré ìje rẹ̀, eré olówó ni. Ọjọ́ tí mo gbé bàálù onípákó mi dé pápá wọn, ọ̀gbẹ́ni kan gbé tirẹ̀ jáde, owó rẹ̀ tó ra mọ́tò. Ó wo tèmi, ó ní, "Bàbá, ṣé ohun ìṣeré ọmọ yín lẹ gbé wá ni?" Mo délé, mo ń bínú, mo ń jà kiri ilé. Màmá rẹ ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní, "Bí wọn ò fún ọ láyè lórí àga wọn, ṣebí o mọ igi kàn. Kan tìrẹ."

Bí a ṣe dá Ìsọ̀rí Mẹ̀kúnnù sílẹ̀ nìyẹn, tí mo sì di alága rẹ̀. Èmi ń sọ, òun ń kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ ìwọ̀n aṣọ àwọn oníbàárà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kan náà fún gbogbo èèyàn, èyí tó rọjú jù lọ́jà. Pákó àti aṣọ ni ara bàálù, kò gbọdọ̀ sí ohun olówó gọbọi kankan lára rẹ̀. Òpó mẹ́ta la ó máa yí po, ìgbà mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n kí ni ká ṣe sí ẹni tó bá ná owó ilé sórí bàálù, tó wá purọ́ pé kò wọ́n? Ibẹ̀ ni orí mi ti ṣiṣẹ́ jù. Mo gbé Òfin Gbà-á-lọ kalẹ̀: bí eré bá parí, ẹnikẹ́ni tó bá kópa lọ́jọ́ náà lè san owó tí kò ju ti bàtà méjì lọ, kó sì gba bàálù ẹni tó borí. Ẹni tó ni ín ò gbọdọ̀ kọ̀. Ta ló máa wá kó owó ńlá sórí ohun tí wọ́n lè fowó bàtà gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Màmá rẹ rẹ́rìn-ín, ó ní òfin náà dáa, "àmọ́ ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ rò pé owó nìkan ló ń mú nǹkan wọ́n." Mo ní kó gbájú mọ́ aṣọ tó ń rán. Háà, èmi aláìgbọ́n yìí.

Bàálù pupa ni iṣẹ́ tó ṣe kẹ́yìn láyé. Aṣọ tó ṣẹ́ kù lára kaba tó rán fún ọ nígbà tí o jáde nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ló gé, tó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ apá rẹ̀, tó sì rán etí rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé èèyàn ní láti gbé e súnmọ́ ojú kó tó rí ojú abẹ́rẹ́. Èmi ló kan egungun rẹ̀, òun ló wọ̀ ọ́ láṣọ. Kí òjò ọdún yẹn tó dá, àìsàn ti mú un lọ. Láti ìgbà náà, ìwọ nìkan lò ń gbé e fò, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ ìsinmi, ní pápá ilé ìwé. O máa ń bú àwọn bàálù yòókù bí wọ́n bá ṣe ségesège, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí o bú pupa yẹn rí.

Nígbà tí aṣojú orílẹ̀-èdè márùn-ún fẹ́ wá wò ó bóyá àwọn náà á gba ìsọ̀rí wa wọlé, ara mi ò balẹ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. O fẹ́ gbé bàálù aláwọ̀ ìyeyè fò. Èmi ni mo ní kí o gbé pupa, torí òun ló yára jù. O ní, "Bàbá, tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi ńkọ́?" Mo ní, "Ta ló máa gba bàálù aláṣọ lọ́wọ́ ọmọ alága? Fọkàn balẹ̀." O sì fọkàn balẹ̀, torí bàbá rẹ ló sọ bẹ́ẹ̀.

O borí wọn. Háà, o fẹ̀yìn gbogbo wọn gbálẹ̀! Àwọn àlejò dìde dúró. Kí àtẹ́wọ́ tó dákẹ́, ọ̀kan lára wọn tó bá ọ du ìje náà, dókítà eyín tí gbogbo wa ń pè ní Onírùngbọ̀n, ti na owó sókè. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Tìrẹ náà yí sọ́dọ̀ mi. Mo wúkọ́ díẹ̀, mo ní, "Òfin ni òfin." O ò bú mi, o ò sunkún. O fi ìborùn rẹ nu koríko kúrò lára rẹ̀, o gbé e lé Onírùngbọ̀n lọ́wọ́, o ní, "Ẹ má fi sínú oòrùn o. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń rọ̀." Láti ọjọ́ náà, ẹnu Ànti rẹ lèmi àti ìwọ fi ń kí ara wa.

Ohun tí o ò mọ̀ nìyí. Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, níbi tí a ti ń mu tíì, Onírùngbọ̀n bi mí bóyá òfin yìí kì í ṣe ti orí ìwé lásán, bóyá màá jẹ́ kí wọ́n gba bàálù tó bá jẹ́ ti ọmọ mi pàápàá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, kódà tọmọ mi. Ó ní bí àwọn bá fojú ara àwọn rí i, gbogbo àwọn á fọwọ́ síwèé. Bó ṣe ń sọ ọ́, bàálù pupa ló ń wò. Mo rí ojú rẹ̀, mo sì mọ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó wá bá ọ pé kí o fi ìyeyè sílẹ̀. Òfin ò ká mi lọ́wọ́ kò rárá, ọmọ mi. Èmi ni mo fà á lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ọwọ́ rẹ ni mo kàn fi ṣe é. Kí oòrùn tó wọ̀, àwọn márààrún ti fọwọ́ síwèé. Lónìí, orílẹ̀-èdè mọ́kànlá ló wà nínú Ìsọ̀rí Mẹ̀kúnnù. Wọ́n fún mi ní àwo ìdánilọ́lá kan, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo gbé e sí. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Mo kọ̀wé sí Onírùngbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì pé kó dá a padà. N kò sọ ìdí rẹ̀ fún un, ìgbéraga ò jẹ́. Ó fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé bàálù náà ló ń gbé òun sí ipò kìíní, àti pé ṣebí èmi ni mo ní òfin ni òfin. Ọ̀nà kan ló kù. Lóṣù tó kọjá, mo wọkọ̀ òfúrufú lọ sí orílẹ̀-èdè rẹ̀, mo forúkọ sílẹ̀ fún ìje, torí ẹni tó bá kópa nìkan ló lè gbà. Èmi tí n kò rí ojú abẹ́rẹ́ mọ́! Ní yíyí kejì, bàálù mi gbá òpó, ó fọ́ yángá. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Mo jókòó, mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ kí ẹni tó gba nǹkan ọmọ mi borí. Ó sì borí. Mo na owó sókè. Onírùngbọ̀n ń rẹ́rìn-ín bọ̀ lọ́dọ̀ mi, àfìgbà tí mo sọ ẹni tó rán aṣọ bàálù náà fún un. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún mi, kò sì lè wo ojú mi.

Àwọ̀ búlúù ni bàálù náà. Lókè lọ́hùn-ún, òjìji lásán lojú mi rí. Ìgbà tó dé ọwọ́ mi ni mo tó mọ̀. Ó ní aṣọ pupa náà ti ń ya, òun ti bó o dànù lọ́dún tó kọjá, òun fi ọ̀rá tó ń dán bo ara rẹ̀. Kò mọ̀, kò sì sí bó ṣe fẹ́ mọ̀, n kò lè bínú sí i. Mo jókòó sórí koríko, mo sunkún lójú àwọn àjèjì, èmi tí n kò sunkún níṣojú rẹ lọ́jọ́ tí a sin màmá rẹ. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ lọ ti bá pàǹtí lọ tipẹ́.

Mo ní kí ìgbìmọ̀ ìsọ̀rí wa pa òfin náà rẹ́, wọn ò gbà. Wọ́n sì jàre. Òfin yẹn ló jẹ́ kí awakọ̀ àti aránṣọ lè bá olówó du ipò kan náà. Òfin kọ́ ló ṣẹ̀ ọ́, èmi ni. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà, ọmọ mi, ojú mi ló ṣe wọ́. Mo ti fi ipò alága sílẹ̀ báyìí. Ó yẹ kí n ti fi í sílẹ̀ fún wákàtí kan péré lọ́jọ́ náà, kí n jẹ́ bàbá rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, dárí jì mí. Bí kò bá tíì ṣeé ṣe, màá dúró.

Ọlọ́run á bá ọ tọ́jú àwọn tí ò ń tọ́jú. O ò ní gbé àìsàn wálé láti ibi iṣẹ́. Ohun tó bá jẹ́ tìrẹ, ẹnikẹ́ni ò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ mọ́, títí kan ẹni tó bí ọ. Ilẹ̀kùn ilé ò tì.

Èmi ni bàbá rẹ,
alága àná.

Ọ̀rọ̀ tó kù: Mo fẹ́ fọ̀bẹ bó ọ̀rá búlúù náà kúrò kí n tó fi ránṣẹ́ sí ọ. Abẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí apá ti so mọ́ ara, mo wá rí àmì àtàǹpàkò nínú gọ́ọ̀mù tí màmá rẹ fi lẹ aṣọ, tó ti gbẹ. Mo gbé tèmi lé e, tèmi tóbi jù. Ìwọ lo gbé ọwọ́ màmá rẹ wáyé. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, n kò fọwọ́ kàn án mọ́. O lè ṣí àpótí náà báyìí. Má fi sínú oòrùn o. Gọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń rọ̀.