Rọra Ti Ní Háńbíréèkì

Mọ́ńdè, 4 oṣù kẹta

Irọ́ ni! Èmi lo ń sọ pé mi ò lè tún háńbíréèkì ṣe? Èmi tí mo fi ìkọ́ aṣọ ṣí ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ nígbà tí kọ́kọ́rọ́ kán sínú ilẹ̀kùn? Èmi tí mo jí fáànù tí ìwọ fúnra ẹ ní kí wọ́n lọ sin dìde? Ọ̀gá Mo-Mọ̀-Ọ́n, o ò sí níbí, ṣùgbọ́n gbọ́: sátífíkéètì mẹkáníìkì tí o kọ́ mọ́ ògiri yẹn, tí òjò bá ń rọ̀, fi bo orí.

Ọmọ bùọ̀dá màámi ni ṣá o. Ẹ̀jẹ̀ kan náà. Ó dùn mí.

Ọ̀rọ̀ tó wà ńlẹ̀ rèé. Àǹtí Àgbà, ẹ̀gbọ́n màámi obìnrin, ní mọ́tò kan tó ti gbó. Rọra ni mò ń pè é, torí kò sẹ́ni tó jókòó sínú ẹ̀ tí kì í sọ ọ́. Alágbàfọ̀ tí mò ń bá ru aṣọ kiri ti gba iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì láràárọ̀, bẹ̀rẹ̀ láti Mọ́ńdè tó ń bọ̀. Ó ní ẹni tó bá ní mọ́tò lòun máa fún kó máa gbé e lọ, kò sí ẹrù orí mọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́, orí mi ló ń wò.

Mo lọ bẹ Àǹtí. Ó ní háńbíréèkì ò ṣiṣẹ́, mọ́tò yẹn á pa mí. Mo ní tí mo bá tún un ṣe ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń ṣèlérí òṣùpá fọ́mọdé. Ó ní tí mo bá lè tún un ṣe, kí n máa gbé e láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè. Ìgbà yẹn ni Mo-Mọ̀-Ọ́n dá sí i: "Ìwọ? Ìwọ tí o ò mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí?"

Ṣíbí! Mo ti yá sípánà.

Túsìdè, 5

Tí mo bá fà á, á nàró fíofío bí ọmọ tó mọ ìdáhùn ní kíláàsì. Tí mo bá fi í sílẹ̀, á wálẹ̀ wọ̀ọ̀ bí ọmọ tí ò mọ̀ ọ́n. Mo tú ìdí ẹ̀. Eyín wà níbẹ̀, ahọ́n irin kékeré kan sì wà tó yẹ kó há mọ́ eyín yẹn kó má baà yọ̀. Ahọ́n ti lẹ̀ pa. Súwíìtì! Súwíìtì, bisikíìtì, pínnì irun mẹ́ta. Àǹtí, mọ́tò lẹ ń wà ni, àbí ẹ ń bọ́ ọ?

Wẹ́sìdè, 6

Fi pẹtiróòlù fọ̀ ọ́. Èékánná àtàǹpàkò mi lọ. Mi ò sunkún — atẹ́gùn ni.

Fúráìdè, 8

Ahọ́n ti ń há. Ó ku wáyà tó lọ sí táyà ẹ̀yìn, ó ti nà jù. Mo di nọ́ọ̀tì ẹ̀. Mo tún dì í. Ẹni tó mọṣẹ́ kì í di díẹ̀! Mo wa Rọra yí àdúgbò ká — èéfín. Òórùn bíi ti áyọ́ọ̀nù tí wọ́n gbàgbé sórí ṣòkòtò. Bíréèkì ò tú sílẹ̀ mọ́. Ìyàwó onílé béèrè bóyá à ń yan mọ́tò ni. Mo ní rárá mà, à ń jẹ́ kó yá gágá ni.

Tú nọ́ọ̀tì padà, díẹ̀díẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí mi.

Sátidé, 9

KÀ-KÀ-KÀ-KÀ! Ó dúró!

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ iwájú ilé Àǹtí ni mo gbé e sí, mo yọ gbogbo òkúta ẹsẹ̀ táyà. Mo-Mọ̀-Ọ́n wá. Ó tì í lẹ́yìn. Mo ní kó tì í dáadáa, ṣebí ó gba sátífíkéètì. Bàtà ẹ̀ ló yọ̀. Rọra ò mì. Mo ya fídíò, mo jù ú sí gúrúùpù ẹbí: "Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yín! Rọra ti sàn! Ẹ gbé e gòkè, ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀, kò sí wàhálà!"

Àǹtí fún mi ní kọ́kọ́rọ́. Ó ní "O ṣé o" bí ẹni tó ń kí ọlọ́fọ̀. Ayọ̀ ló pọ̀ jù fún un.

Sọ́ńdè, 10

Bùọ̀dá Àgbà pe Àǹtí — bàbá Mo-Mọ̀-Ọ́n nìyẹn, àkọ́bí ilé wọn. Wọ́n ti rí fídíò. Wọ́n ní mo kú iṣẹ́. Wọ́n ní àwọn á fi Rọra kó àga lọ́la.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi náà pè. Ọjọ́ Túsìdè ni tiẹ̀.

Mọ́ńdè, 11

Rọra ò sí nílé. Mo ru ṣíìtì sórí. Ọ̀kan já sí gọ́tà. Alágbàfọ̀ ní "Ọ̀rẹ́, mọ́tò ni mo sọ, mi ò sọ orí." Ó ní ọ̀la nìkan ló kù fún mi.

Mo fi ìbínú wọlé bá Àǹtí. Mo ní ṣebí ẹ ṣèlérí. Ó ní kí n jókòó. Ó ní ṣé mo rò pé òun ò mọ mẹkáníìkì ni, láti ọdún tí nǹkan yẹn ti bàjẹ́? Òun ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. "Ta ló bí mi tí màá sọ pé mi ò fún Bùọ̀dá mi ní mọ́tò? Ṣùgbọ́n mo lè sọ pé, 'Bùọ̀dá mi, kò ní háńbíréèkì, kó má lọ ṣe yín léṣe.' Wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ mi! Ìwọ wá lọ kéde pé ó ti sàn."

Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Mo ní kí n tú nọ́ọ̀tì sílẹ̀ padà? Ó pariwo mọ́ mi: "Má fọwọ́ kan nǹkan mi! Ó ti dùn ún lò. Ẹnu tó kéde ẹ̀ ni kó lọ ká ọ̀rọ̀ ẹ̀ kúrò ńlẹ̀."

Kí n wá pe ara mi ní aláìmọṣẹ́. Nínú gúrúùpù. Tí Mo-Mọ̀-Ọ́n wà níbẹ̀. Lórí iṣẹ́ tó dáa! Ikú yá ju ẹ̀sín.

Túsìdè, 12

Mo ti ṣe é.

Mo kó òkúta sí ẹsẹ̀ táyà, mo yà á ní fọ́tò. Mo kọ ọ́ pé: "Ẹ̀yin ẹbí mi, ẹ jọ̀ọ́, háńbíréèkì Rọra ti tún já. Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe ni. Ẹ má gùn ún o." Bùọ̀dá Àgbà ní Ọlọ́run ló yọ àwọn lánàá. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ti wá ọkọ̀ míì. Mo-Mọ̀-Ọ́n fi ẹ̀rín kún ojú fóònù mi, ó wá ní ọmọdé kì í jáwọ́ nínú eré.

Mo yọ òkúta ẹsẹ̀ táyà, mo wa Rọra lọ kó ṣíìtì.

Iwájú òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń kọ èyí. Ṣíìtì ti wọlé, funfun báláú. Alágbàfọ̀ ní iṣẹ́ ti di tèmi. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ibí ju tilé Àǹtí lọ. Kò sí òkúta kankan. Rọra dúró gbọn-in bí ilé, kò sì sẹ́ni tí mo lè pè pé kó wá wò ó.

Fóònù ń dún. Mo-Mọ̀-Ọ́n ni. Ó ní àánú mi ṣe bàbá òun, wọ́n ní kóun wá tún un ṣe fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti kó irinṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà Àǹtí. Ó ní mọ́tò tí ò ní háńbíréèkì dà?

Àǹtí náà ti ń pè.

Mo ti pa fóònù mi.