Àjọkẹ́ Ti Jẹ Ewé Ẹ̀pà Àgbò

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ súnmọ́ tábìlì. Mọ́ríátù, ka ìwé tí ìyá rẹ kọ yìí sókè kí gbogbo wọn gbọ́.

Ewé ẹ̀pà tí o so fún àgbò rẹ, ìyá rẹ ló kó o. Má bú ọmọ kankan. Já koríko fún un lẹ́yìn ilé, má bínú.

Láàárọ̀, ìyá rẹ kó àwọn ọmọ rẹ, òun àti Rhoda ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n lọ wo ọgbà tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tó ti ru ẹrù gbó, lọ́nà Ìfọ́n. Háà, ẹwà! Etí gbọọrọ, ojú tútù bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Ṣùgbọ́n abo kan dùbúlẹ̀, kò jẹun láti ìjẹta. Bùràímọ̀ tó ń tọ́jú wọn ní, "Màmá, bí kò bá jẹ lónìí, ó lè kú."

Ìyá rẹ bi í pé, "Kí loríkì rẹ̀?"

"Kò ní, mà."

"Ẹ ò fún un lóríkì, ẹ wá ní kó dìde?"

Ìyá rẹ sọ ọ́ ní Àjọkẹ́, ó forin sí i, Rhoda ń gbè é:

Àjọkẹ́ o, ẹrù ti sọ̀ o,
Dìde jẹun, ọmọ wa ni ọ́.

Ẹranko na etí, ó dìde, ó jẹ ewé ẹ̀pà àgbò rẹ tí ìyá rẹ kó lọ tán pátápátá! Bùràímọ̀ fò sókè, ó gbé ìkòkò ẹ̀wà jáde fún tọmọdé tàgbà. Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n korin wálé.