Àlejò Tó Wá Láti Odò Mónò

Bàbá mi tó ń sinmi lábẹ́ igi ọsàn,

Mo ti pa á. Ẹja àrọ̀ tí ẹ ń sọ títí ẹ fi dákẹ́, mo ti pa á, ó sì gùn ju ilẹ̀kùn yàrá yín lọ.

Ó dáa, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò tó ilẹ̀kùn. Ó gùn tó ẹsẹ̀ mi láti ìdí dé ilẹ̀, ẹ sì mọ bí ẹ ṣe bí mi kúrú tó. Ṣùgbọ́n àrọ̀ tó tó ẹsẹ̀ ènìyàn náà ni ẹ sọ pé ó já mọ́ yín lọ́wọ́ nínú odò Mónò. Bàbá Kọ̀kú, aládùúgbò wa, rẹ́rìn-ín títí, ó sọ yín ní Ẹlẹ́ja-Ẹnu, gbogbo abúlé sì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n pè yín bẹ́ẹ̀ dé ẹnu ibojì. Ó ń dùn mí.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé ìwọ̀ yín lọ sétí odò nígbàkigbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀. Mo ń pa òfin yín mọ́: a kì í pe ẹja ní ẹja níbẹ̀, kó má baà gbọ́ orúkọ rẹ̀ kó sá. Àlejò là á pè é. Mo fi kọ́ Afí ìyàwó mi, òun gan-an sì wá mọ̀ ọ́n ju èmi lọ.

Lọ́dún yìí, odò kún, ó ya wọ oko ìrẹsì Afí. Mo wà lábẹ́ igi, ìwọ̀ nínú omi, fìlà lójú, nígbà tí Afí ké láti inú oko pé àlejò ti dé o, ó mà tóbi. Mo rò pé Kọ̀kú ni, ọmọ bàbá ẹlẹ́gàn yẹn, torí òun náà sanra. Mo ní kó sọ fún un pé mo lọ sí Atakpamé. Ó ní àlejò yìí kò gbọ́ tẹnìkan. Mo ní kó fún un ní àga. Bàbá, ṣé irú èyí ṣẹlẹ̀ sí yín rí?

Àṣé àrọ̀ ni àlejò náà. Mo gbé e kọ́ èjìká gba ojúde Kọ̀kú kọjá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ lọ̀nà ilé wa. Mo tún gba ibẹ̀ padà. Kọ̀kú jáde, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọn ẹja náà, ó ṣí fìlà. Ó ní, ẹ̀gbọ́n, bàbá yín ò purọ́. Nígbà tí a gún iyán, orí ẹja ni mo bù fún un, kí ẹnu ilé wọn lè ríṣẹ́ ṣe. Ẹlẹ́ja lásán ni wọ́n ń pè yín báyìí. Wọ́n ti gba ẹnu wọn padà.

Ṣé odò wà níbi tí ẹ wà? Ṣé ẹ ṣì ń tutọ́ sára ekòló kí ẹ tó ju ìwọ̀?

Mo kọ ọ́ lókè pé mo pa á. Afí ló pa á. Ó fi agbọ̀n bò ó mọ́lẹ̀ láàárín ìrẹsì, ó sì jókòó lé e títí mo fi dé. Èmi ń sùn ni. Nígbà tí mo fa ìwọ̀ yín sókè, ekòló orí rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Èmi ni, ọmọ yín kúkúrú, tí ìfẹ́ yín kò kúrú lọ́kàn rẹ̀.